Bí ẹ ṣe lè ṣètò pàṣípààrọ̀ ọmọ láàárín Àbújá àti Kánò

Pàṣípààrọ̀ ọmọ ni pé kí ọmọ Yorùbá lọ gbé nínú ilé Haúsá kó lè gbọ́ èdè wọn, kí ọmọ ibẹ̀ náà sì wá sọ́dọ̀ yín. Ohun tó máa ń ba irú ètò yìí jẹ́ jù ni kí ọmọ Yorùbá méjì máa sùn nínú yàrá kan náà. Yorùbá ni wọ́n á máa bá ara wọn sọ láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n á sì padà sí Àbújá bí wọ́n ṣe lọ. Bí ẹgbẹ́ yín ní Kubwa tàbí Nyanya bá fẹ́ rán ọmọ lọ sí Kánò fún ọjọ́ 10, ẹ má kó ju 8 lọ. Kí kálukú wọ̀ sí ilé tirẹ̀, ilé Haúsá tí ojúgbà rẹ̀ wà. Ẹ gbàgbé hòtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 2 ṣáájú. Kí lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí sọ ọjọ́ àlọ àti àbọ̀, àdírẹ́sì ilé náà, nọ́ńbà fóònù bàbá àti ìyá, àti àṣẹ ìtọ́jú ní ọsibítù. Ẹ kọ jẹ́nótáìpù sí i. Ọmọ tó bá jẹ́ SS, ẹ má ràn án lọ nígbà ọyẹ́, láti Disẹ́ńbà sí Fẹ́búárì, torí òtútù òru lè dá ìrora sí i lára. Ẹ wo Ramadan náà, ó máa ń fi bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún. Kò burú kí ọmọ wà níbẹ̀ nígbà ààwẹ̀, àmọ́ kó ti mọ̀ pé ilé lè má dáná ọ̀sán.

Ọkọ̀ ojú irin ń lọ láti Idu ní Àbújá dé Rigasa ní Kàdúná. Láti ibẹ̀, mọ́tò ló kù. Ẹ má rìn lóru.

Wákàtí 2 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 tó fún Haúsá ìbẹ̀rẹ̀: ina kwana láàárọ̀, ina wuni lọ́sàn-án, na gode fún ọpẹ́, nawa ne tó bá fẹ́ rajà. Ní ti ìwà nínú ilé, àwọn ọmọkùnrin ló máa ń ṣì í ṣe jù. Zaure, ìyẹn yàrá àbáwọlé ilé Haúsá, ni àlejò ọkùnrin ń dúró sí, kò gbọdọ̀ ré kọjá sínú ilé àfi tí onílé bá mú un wọlé, kò sì gbọdọ̀ na ọwọ́ sí obìnrin láti bọ̀ ọ́. Kò pọn dandan kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kó lóṣòó, ó tó.

Ẹ fún un níṣẹ́ tí yóò mú un bèèrè ọ̀rọ̀. Kó lọ sí ibi ìpaláró ní Kofar Mata, kó béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pò aró nínú kòtò nígbà tí àwọn aláró tiwa ń lo ìkòkò, àti iye ọjọ́ tí aró fi ń jinná. Nínú ilé ìdáná, kó bá wọn se ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní miyan kuka. Yóò rí i pé irú ni daddawa, àti pé kuka yẹn ni lúrú, ewé oṣè gbígbẹ (kò ní ya ọmọ Ìlọrin lẹ́nu rárá). Tó bá kan ẹ̀bùn, gààrí Ìjẹ̀bú àti àdìrẹ sàn ju owó lọ fún onílé.

Láàárín oṣù 3, kí ọmọ Kánò náà wá. Bí kò bá wá, ìrìn àjò afẹ́ lásán lẹ ṣe. Ẹ béèrè irú ẹran tó ń jẹ, ẹ fi ibi ìkírun àti omi àlùwàlá hàn án lọ́jọ́ tó dé. Bí ẹ bá ní ajá nínú ọgbà, ẹ so ó kí ọkọ̀ tó wọlé.