Bí a ṣe ń ṣe àṣàrò lórí Sáàmù 119, fún ẹni tó ń jáde nílé ní ìdájí

Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó, mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́ bá òun nílé, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12 ti gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ òun. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé láìsí wákàtí kan gbáko láàárọ̀, o ò lè ṣe àṣàrò. Ogún ìṣẹ́jú tó, kó ṣáà ti jẹ́ ojoojúmọ́, ní àkókò kan náà, lójú kan náà.

Alẹ́ ló rọrùn jù. Jẹ́ kí oúnjẹ ti tó wákàtí kan níkùn. Ẹni tó jẹ ẹ̀bà tán tó jókòó lójú ẹsẹ̀, oorun ló máa gbé e lọ. Àga tó ní ẹ̀yìn ni kó o lò, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ méjèèjì sì kanlẹ̀. Pa fóònù pátápátá, lo Bíbélì tó jẹ́ ìwé. Bí kò bá sí iná, tan iná oníbátìrì. Àbẹ́là nítòsí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn léwu. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń pariwo, gbé ohùn sókè díẹ̀ tó o bá ń kàwé, etí rẹ á tẹ̀ lé e.

Ètò ti wà nínú Sáàmù 119 fúnra rẹ̀: ẹsẹ 176, ìsọ̀rí 22, ẹsẹ mẹ́jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mú ìsọ̀rí kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ Àìkú, ka ẹsẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀mẹta, kó o mú ẹyọ kan tó gbá ọ lọ́kàn mú. Òun nìkan ni wàá máa kà láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ó máa gbà tó oṣù márùn-ún kó o tó parí rẹ̀. Kíka orí mẹ́ta lóòjọ́ dáa, ṣùgbọ́n àṣàrò kọ́ nìyẹn.

Fi ìṣẹ́jú méjì mí wọlé, mí síta, láìkánjú. Fi márùn-ún ka ẹsẹ náà jẹ́jẹ́ sí etí ara rẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ gan-an, ìbéèrè la sì fi ń ṣe é. Wo ẹsẹ 105: “Ọ̀rọ̀ rẹ ni fìtílà fún ẹsẹ̀ mi, àti ìmọ́lẹ̀ sí ipa ọ̀nà mi.” Báwo ni ìmọ́lẹ̀ fìtílà elépo ṣe ń jìnnà tó? Kì í kọjá ìṣísẹ̀ mélòó kan. Kí ló dé tó fi dárúkọ ẹsẹ̀ ṣáájú ọ̀nà? Ìṣísẹ̀ wo ló kàn mí lọ́la, tí mo mọ̀, tí mo sì ń sá fún? Níbi tí ìbéèrè bá ti dùn ọ́, má kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti ń wá. Fi ìṣẹ́jú mẹ́ta bá Ọlọ́run sọ ọ́, fi méjì tó kù dákẹ́, kó o wá kọ gbólóhùn kan péré sílẹ̀ pẹ̀lú déètì.

Ọkàn máa rìn: owó ilé ìwé, gbèsè, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ. Kọ ọ̀rọ̀ kan sórí bébà kékeré kó má bàa sọnù, kó o padà sínú ẹsẹ. Bó bá rìn nígbà ogún, dá a padà nígbà ogún. Ìdánrawò náà nìyẹn.

Ohun tó ń ba àṣàrò jẹ́ jù ni kéèyàn gbé ìbínú wọ inú ẹsẹ. Ẹsẹ 78 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà pé kí ojú ti agbéraga, ọ̀pọ̀ a sì dúró síbẹ̀, wọn a máa rò ó sórí àna tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dópin: onísáàmù yíjú kúrò lára agbéraga, ó ní ní tòun, àṣàrò lòun máa ṣe nínú ẹ̀kọ́ Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ka gbólóhùn márùn-ún tó o kọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wá sọ́kàn ni ohùn Ọlọ́run. Ṣé ó bá ẹsẹ méje tó kù mu? Ta ló máa rí oore gbà bí mo bá ṣe é? Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ńlá, ìgbéyàwó tàbí fífi iṣẹ́ sílẹ̀, dúró di ọ̀sẹ̀ kejì, kó o gbé e lọ bá àgbàlagbà kan nínú ìjọ tí kò ní bẹ̀rù láti sọ fún ọ pé rárá. Bó bá sì jẹ́ àìnírètí ló ń wọlé nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, tí kò lọ, lọ rí dókítà. Àṣàrò kì í rọ́pò ìtọ́jú.

Ní ìdájí, nínú bọ́ọ̀sì tàbí nínú ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodo, máa sọ ẹsẹ náà wúyẹ́wúyẹ́. Ẹni tó ń wakọ̀ fúnra rẹ̀, kó gbájú mọ́ títì. Bó o bá pàdánù ọjọ́ kan, má ṣe ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kejì láti fi dí i. Orí ẹsẹ tó o wà ni kó o ti máa bá a lọ.