Omi Ni Ìbọn Ń Bèèrè, Epo Lẹ̀ Ń Fún Un: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Fífọ Inú Ìbọn

Ìbọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́, èmi náà ni mo bà á jẹ́. Kì í ṣe àìtọ́jú o. Ìtọ́jú òdì ni. Oṣù kẹjọ ni, òjò kò jẹ́ kí igbó gbẹ lẹ́yìn Ìkọ̀lé. A ti ìgbẹ́ òru dé, mo ti yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀yà kan péré ni mo sì rí gbé wálé. Oorun ń kùn mí. Mo bu àdín, mo rẹ àkísà sí i, mo tì í wọnú ṣakabùlà náà títí ẹnu rẹ̀ fi ń dán, mo gbé e kọ́ sára ògiri, ó di orí ẹní. Ọjọ́ kẹta ni bàbá tó ń kọ́ mi lọ́dẹ da omi gbígbóná sí i lẹ́nu. Ohun tó ń jáde pọ́n bí omi osùn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní: "Àdín lo fi pa á? Ùbọn kì í ṣe ọmọ tuntun."

Àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ láàárín àwa tí a ń lo ṣakabùlà ní Èkìtì nìyẹn: kí èèyàn fi epo ṣíwájú omi. Èédú, imí-ọjọ́ àti iyọ̀ kan báyìí ló parapọ̀ di ẹ̀tù tí a ń kì. Tó bá jó, ju ìdajì rẹ̀ lọ ni kì í di afẹ́fẹ́. Apá kan ń bá èéfín jáde, ìyókù ń lẹ̀ mọ́ inú irin. Ìyókù yẹn ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ti gbàgbé láti dé abọ́ iyọ̀ nígbà òjò, tó wá bá a tó ń ṣomi, mọ ohun tí mò ń sọ. Omi ló ń yọ́ irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀, epo kì í yọ́ ọ. Tí ẹ bá fi epo bò ó, ìsàlẹ̀ epo náà ni yóò ti máa jẹ irin lọ, òun àti epo náà á sì tún pò pọ̀ di nǹkan tó ki bí ọ̀dà.

Ẹ̀ẹ̀melòó wá ló yẹ kéèyàn fọ̀ ọ́? Mo máa ń gbọ́ "ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo yìn ín, ó di Sátidé." Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Ìbọn ẹlẹ́tù kì í ka iye ìgbà, ọjọ́ tí ẹ bá yìn ín gan-an ni kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, pàápàá láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá tí òjò wà nílẹ̀. Tí ẹ ò bá yìn ín rárá, kò ní kí ẹ máa da omi sí i lójoojúmọ́. Ẹ kàn máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó yẹ kí n ti sọ èyí ṣáájú ohun gbogbo: kí omi tó kàn án, ẹ wádìí bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé mi ò kì í" kì í ṣe ìwádìí. Nígbà tí ìbọn bá ṣófo, tó sì dá yín lójú, ẹ ti ọ̀pá ìkìbọn wọ inú rẹ̀ títí dé ìdí, kí ẹ fi ọ̀bẹ fá àmì sára ọ̀pá náà níbi tó ti kan ẹnu ìbọn. Láti ọjọ́ náà lọ, tí ẹ bá ti ọ̀pá yẹn wọlé tí àmì náà dúró síta, bó ṣe ìwọ̀n ìka méjì, ẹ̀tù àti ọta ń bẹ nísàlẹ̀. Ẹ má yọjú wo ẹnu rẹ̀. Àwọn ọmọdé ò sì gbọdọ̀ sí nítòsí. Ti oníkátíríìjì rọrùn: ẹ ṣí i, ẹ wò ó, ẹ tún fi ìka kàn án, nítorí òru máa ń tan ojú jẹ.

Bí bàbá wa ṣe ń fọ̀ ọ́ nìyí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń fọ̀ ọ́ dòní. Wọ́n á gbé omi kaná kó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, wọ́n á sọ ọṣẹ díẹ̀ sí i. Wọ́n á fi igi tín-ín-rín dí ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé, wọ́n á da omi sí i láti ẹnu, wọ́n á fi ọ̀pá tí wọ́n wé àkísà mọ́ lórí máa tì í lọ, máa fà á bọ̀. Omi àkọ́kọ́ á dúdú bí omi èédú, á sì máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ìdọ̀tí imí-ọjọ́ ló ń rùn yẹn. Wọ́n á dà á nù, wọ́n á bu òmíràn. Ó lè di ẹ̀ẹ̀mẹrin kí omi náà tó mọ́. Lẹ́yìn náà ni omi gbígbóná lásán láìlọ́ṣẹ, tí irin á fi gbóná débi pé ọwọ́ ò ní lè dì í mú láìsí aṣọ. Ooru yẹn ló ń gbẹ ibi tí àkísà ò lè dé. Àwọn tó ń lo omi tútù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdánù. Ìgbà tó bá gbẹ tán ni epo tó kàn, fẹ́lẹ́ sì ni.

Irú epo wo? Epo pupa àti àdín máa ń dì tí ọyẹ́ bá mú, tí ìbọn á sì máa lẹ̀. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì fà yọ lábẹ́ mọ́tò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: eérú àti èròjà tó ń jẹ irin wà nínú rẹ̀, ìdí rèé tí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ nínú mọ́tò. Ọ́ìlì tuntun díẹ̀ tàbí ọ́ìlì máṣíìnì ìránṣọ sàn ju gbogbo wọn lọ. Epo bẹntiróòlù ńkọ́? Mo ti rí ẹni tó ń fi í fọ ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán tí obìnrin ń dá iná sí. Mo dìde kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìfọ̀, ẹ má fi aṣọ dí ẹnu ìbọn pé kí eruku má wọlé. Aṣọ yẹn á dá ọ̀rinrin dúró sínú, ẹ sì lè gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yìn ín. Ìbọn tó ti pẹ́ lára ògiri náà nílò àyẹ̀wò, torí kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn ihò bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tó bá dí ọ̀nà ọta lè mú kí ìbọn bẹ́ mọ́ni lọ́wọ́, pàápàá èyí tí ìpẹtà ti jẹ níhò-níhò. Nígbà tí mo gbé tèmi yẹn lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó fi ìka ra inú ẹnu rẹ̀, ó ní òun ò ní tún un ṣe, kí n má sì tún kì í mọ́.

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 pàápàá ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ kúrò lára olójú méjì àti ráífù. Àwa la máa ń fọ gbogbo wọn bákan náà. Ẹ̀tù inú kátíríìjì òde òní kì í fi irú iyọ̀ yẹn sílẹ̀, nítorí náà olójú méjì lè dúró di ọjọ́ kejì bí òjò ò bá pa á. Òjé àti ike ló máa ń lẹ̀ mọ́ inú tirẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì onídẹ àti ọ́ìlì á kó o.

Ráífù kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n àwọn tó gbàwé àṣẹ rẹ̀ wà, àṣìṣe tiwọn sì ni àfọ̀jù. Inú ráífù ní ìlà tí wọ́n fín yípo, òun ló ń mú ọta yí bí òkòtó kó lè lọ tààrà. Ọ̀pá ìfọbọn tó ní iyanrìn lára, tí wọ́n ń tì gba ẹnu wọlé, á máa ha etí ẹnu náà. Ibẹ̀ ni ọta ń fi ara kàn gbẹ̀yìn, bó bá sì ti wọ́ díẹ̀, ọta á yà. Láti ìdí ni kẹ́ ẹ ti máa fọ̀ ọ́, ẹ má sì yí búrọ́ọ̀ṣì padà ní àárín ọ̀nà. Oògùn olómi tó ń yọ bàbà kúrò nínú rẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ sùn. Irin gan-an ló lè jẹ. Ti .22, ráífù ọlọ́ta kékeré, tilẹ̀ lè yìn ju ìgbà 200 lọ láì nílò ìfọ̀ inú. Tí ẹ bá sì fi epo pa á, ọta àkọ́kọ́ lè má lọ síbi tí ẹ fojú sùn, àfi kí ẹ kọ́kọ́ nu epo náà kúrò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣakabùlà: epo tó bá kù nínú rẹ̀ á rin ẹ̀tù, ìbọn á kọ̀, ìgalà á sì máa lọ. Ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó kì í. Àti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìfọ̀, ẹ ti àkísà funfun kan wọlé. Tó bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ osùn, ẹ tún gbé omi kaná.