Ọjọ́ márùn-ún ni kí ẹ fi pín owó ẹ̀yáwó
Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń gba ẹ̀yáwó olọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí Òṣogbo ká, ọjọ́ márùn-ún ni kí ẹ fi pín owó tí ẹ óò dá padà, ẹ má fi méje pín in. Bó bá jẹ́ ₦3,000 lọ́sẹ̀, ẹ yọ ₦600 sọ́tọ̀ lójúmọ́ kí ẹ tó ra ata ọbẹ̀ rárá, kí ẹ sọ ọ́ sínú kóló. Òjò lè má jẹ́ kí ẹ dé Ọjà Ọba, ọmọ lè ṣàìsàn. Ọjọ́ méjì tó kù ló wà fún irú ìyẹn, ẹni tó ṣe onídùúró yín ò sì ní í san gbèsè tí kò jẹ. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé ìgbà ìkórè nìkan lowó ń wọlé fún, èyí ò bá a mu: kó wá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń gbowó lẹ́yìn ìkórè.