Àwọn àṣìṣe tí àwọn olówó-oṣù ńlá ń ṣe kí ìfẹ̀yìntì tó dé

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń bá àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ṣírò owó wọn. Àwọn tí owó-oṣù wọn kéré kọ́ ló ń dùn mí jù. Tíṣà mọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà, ẹnjiníà, lọ́yà àti ọ̀gá báńkì ló máa ń wọlé tọ̀ mí wá nígbà tó bá ku ọdún méjì, tí wọ́n á wá máa wojú mi bíi pé èmi ni mo kó owó náà jẹ. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

Èkíní, ẹ ò ka ìwé owó-oṣù yín. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú 100 sílẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ fi ìdá 10 kún un, ó kéré tán. Ìdá 18 nínú kí ni? Ohun tí òfin ní kò gbọ́dọ̀ yọ sílẹ̀ ni ojúlówó owó-oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ lè má ka ajẹmọ́nú yòókù mọ́ ọn bí àdéhùn iṣẹ́ bá gbà bẹ́ẹ̀. Arákùnrin kan tó ń gba ₦1,200,000 lóṣù gbà pé ₦216,000 ló ń wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òun lóṣooṣù. A tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ìlà mẹ́ta yẹn kò ju ₦400,000 lọ lápapọ̀. Owó oúnjẹ, owó aṣọ, owó ìsinmi àti àwọn orúkọ mìíràn ló kó ìyókù. ₦72,000 ló ń wọlé. Ó fi ìka tọ ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ̀rọ̀. Òfin fàyè gba òṣìṣẹ́ láti fi àfikún tirẹ̀ sí i. Ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń san owó-oṣù, kí wọ́n máa yọ ọ́ kó tó dé ọwọ́ yín.

Èkejì, ẹ máa yẹ àkáǹtì yín wò. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi ní 2012. Ilé-iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà ń yọ owó lọ́wọ́ mi, ó ń hàn nínú ìwé, àmọ́ odidi oṣù mẹ́sàn-án ni owó náà kò fi dé àkáǹtì mi. Ọjọ́ iṣẹ́ 7 péré ni òfin fún wọn láti fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó-oṣù. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí pé èmi tí mò ń gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn ni kò wo tèmi.

Ẹ̀kẹta, ilé tí ẹ ń kọ́ sí ìlú yín. Mi ò ní kí ọmọ ènìyàn má nílé nílẹ̀ baba rẹ̀ o. Yàrá mẹ́ta tó mọ́ tónítóní, tí ènìyàn lè darúgbó sí, kò burú. Ilé alájà oníyàrá mẹ́jọ ni mò ń bá wí.

Ẹnjiníà kan tó ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ epo mú mi lọ wo tirẹ̀ lápá Èkìtì. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ ọ. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé ìlẹ̀kùn láti ọjà ṣì wà lára wọn. Ẹyẹ ti kọ́ ìtẹ́ sórí jẹnẹrétọ̀. Lókè, dígí fèrèsé kan ti fọ́, òjò sì ti wọ àjà títí tó fi pọ́n bíi tíì. Bàbá ọlọ́dẹ nìkan ló ń gbé ibẹ̀, nínú yàrá kan nísàlẹ̀. Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, òru mélòó lẹ sùn níbí lọ́dún tó kọjá?” Ó ní mẹ́rin: méjì nígbà Kérésìmesì, méjì nígbà ìsìnkú. Ó wá bi mí bóyá òun lè fi ilé náà háyà, kó lè máa rí nǹkan jẹ, nítorí ọdún kan àtààbọ̀ ló kù fún un lẹ́nu iṣẹ́.

Ta ni yóò háyà yàrá mẹ́jọ níbi tí nọ́ọ̀sì àti tíṣà ti ń wá yàrá kan àti pálọ̀? Ta ni yóò rà á? Àárín agbo ilé ni, orí ilẹ̀ ẹbí, ìwé rẹ̀ kò sì pé. Mo mọ ohun tó fà á. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ tiwọn, àwọn ará ilé sì ń bi í pé ìgbà wo ni tirẹ̀. Ká ní ìdajì owó símẹ́ńtì yẹn ló fi kọ́ fúláàtì kéékèèké sí Adó tàbí Ìbàdàn ni, owó háyà ì bá máa wọlé. Bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, ìyẹn owó tí èèyàn yá ìjọba tí ìjọba ń san èlé lé lórí, ti wà láti 2017, ₦5,000 lèèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló sì ń san èlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ kọ́ èyí tó ń mówó wọlé.

Ẹ má fi owó ogbó yín san owó yunifásítì ọmọ ní Ìlú Ọba. Ẹni tó ń san án nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023 rí i bí dọ́là ṣe kúrò ní nǹkan tí kò tó ₦500, tó sì kọjá ₦1,500 kí ọdún kan tó pé.

Ẹ yé yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra aṣọ ẹbí.

Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọmọ 50, tí oṣù 4 sì kọjá láìrí òmíràn, ó lè gba ìdá 25 nínú 100 owó tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Owó oúnjẹ ni, kì í ṣe owó mọ́tò.

Ẹ tún orúkọ ìbátan tó wà nínú fọ́ọ̀mù àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín ṣe, kí ẹ sì kọ ìwé ìhágún. Ní 2022, ìyàwó dókítà kan tó kú lójijì wá bá mi, ó fa ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́wọ́. Orúkọ bàbá dókítà náà ló ṣì wà nínú fọ́ọ̀mù, bàbá náà sì ti kú ṣáájú ọmọ rẹ̀. Kò sí ìwé ìhágún. Ó di kóòtù kí obìnrin náà tó gba ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ogún, àwọn àbúrò ọkọ sì yarí. Òfin ìfẹ̀yìntì 2014 kan náà ló ní kí ilé-iṣẹ́ ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, èyí tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìlọ́po 3 owó tó ń gbà lọ́dún. Obìnrin náà kò gbọ́ ọ rí títí mo fi bi í. Oṣù mẹ́rìnlá kọjá kí kọ́bọ̀ tó wọlé. Ọmọ náà ti pé ọdún méje.