Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà: Àṣìṣe táwa òbí máa ń ṣe tí yunifásítì ìpínlẹ̀ míì bá pe ọmọ wa

Kóòṣì kan ti pe ọmọ yín láti yunifásítì tó wà ní ìpínlẹ̀ míì. Kí wákàtí kan tó pé, ìròyìn ti dé Ìjẹ̀bú-Òde, màmá àgbà ti fi àdúrà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀gbọ́n yín ní Houston sì ti ń béèrè irú aṣọ tí a máa dá. Ẹ fara balẹ̀. Mo ti rí ilé mélòó kan tí ariwo báyìí ti sọ, tó jẹ́ pé gbèsè ló gbẹ̀yìn rẹ̀. (Bọ́ọ̀lù ni màá máa pè é o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá.)

Tí a bá ti gbọ́ "offer," ìyẹn ìlérí àyè nínú ikọ̀ pẹ̀lú owó ìrànwọ́, a ti rò pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé nìyẹn. Offer ẹnu lásán ò de ẹnikẹ́ni: kò de kóòṣì, kò de ọmọ. Kóòṣì lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn ọmọ tó pọ̀ ju àyè tó ní lọ, pàápàá ọmọ ọ̀nà jíjìn tó jẹ́ inú fídíò nìkan ló ti rí i. Ẹ bi í báyìí: "Sà, tí ọmọ mi bá ní òun ń bọ̀ lónìí, ṣé ẹ ó gbà á lónìí?" Tó bá ní kó kọ́kọ́ wá sí káǹpù òun ná, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí ní Oṣù Kejìlá, tàbí Oṣù Kejì fún ẹni tó bá kù sẹ́yìn, ìyẹn lọ̀rọ̀. Àwọn kan ṣì ń dárúkọ National Letter of Intent, ìwé tí ọmọ fi ń ṣèlérí fún yunifásítì tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fagi lé e ní 2024. Àdéhùn owó ìrànwọ́ gan-an lọmọ ń fọwọ́ sí báyìí, nítorí náà ẹ ka iye tó wà nínú rẹ̀ àti iye ọdún tó kárí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ààlà ìpínlẹ̀. Ibi tí kò ti já mọ́ nǹkan la ti ń bẹ̀rù rẹ̀, ibi tó ti ń pani la sì ń fojú fò ó. Tó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pátápátá ni wọ́n fún ọmọ, ẹ̀ka eré ìdárayá ló ń san án, ì báà jẹ́ owó ọmọ onílé (ẹni tó ń gbé ìpínlẹ̀ náà) tàbí ti àlejò (ẹni tó ti ìpínlẹ̀ míì wá). Kò kàn yín. Yunifásítì aládàáni bíi Notre Dame, Stanford tàbí Vanderbilt náà, iye kan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Àmọ́ tí kóòṣì bá ní kí ọmọ wá gẹ́gẹ́ bíi "preferred walk-on," ohun tó ń sọ ni pé àyè wà fún un nínú ikọ̀, owó ilé-ìwé sì wà lọ́rùn yín. Ní yunifásítì ìjọba, owó àlejò sábà máa ń ju ìlọ́po méjì owó onílé lọ.

Ẹ wo Georgia. Ọmọ ìpínlẹ̀ náà tí máàkì rẹ̀ dáa lè gba owó ìrànwọ́ ìwé tí wọ́n ń pè ní HOPE, èyí tó mọ̀wé gan-an sì lè gba Zell Miller. Owó lọ́tìrì ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ń san méjèèjì. Walk-on tó bá ń gbé nílé lè fi èyí gbá bọ́ọ̀lù láìjẹ gbèsè púpọ̀. Stetson Bennett, ọmọ ìlú Blackshear ní Georgia níbẹ̀, wọ University of Georgia ní 2017 láìní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó lọ lo sáà kan ní kọ́lẹ́jì kékeré kan ní Mississippi, ó padà, òun ló sì jẹ́ quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tó ń darí ìkọlù ikọ̀) nígbà tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè fún sáà 2021 àti 2022.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ aláàbọ̀ tún burú ju walk-on lọ, torí pé orúkọ rẹ̀ dùn. Ní FCS, ìsọ̀rí kékeré nínú Division I tó ga jù, àti Division II tó tẹ̀ lé e, àwọn kóòṣì sábà máa ń pín owó tí wọ́n ní wẹ́wẹ́ kó lè kárí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní $11,000 ni yunifásítì ilé ń gbà, ti ìpínlẹ̀ kejì jẹ́ $32,000, wọ́n ní àwọn á san ìdajì. $16,000 ló kù sí yín lọ́rùn, a ò tíì ka tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe pátì fún ìdajì yìí, ó pe DJ. Ọdún kejì ló tó gbé ìwé owó méjèèjì síra wọn.

Àwọn míì gbà pé dandan ni kí yunifásítì ìpínlẹ̀ wọn mú ọmọ wọn, torí pé ọmọ onílé ni. Kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Kóòṣì Ohio tàbí Alabama ń wá ọmọ dé Texas, Florida àti California. Àǹfààní ọmọ ilé ni pé kóòṣì lè wa mọ́tò wá wò ó, ẹ̀yin náà sì lè lọ sí káǹpù kí ẹ padà sùn sílé. Tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ títí ọdún ìkẹyìn fi wọlé, ẹ má jókòó tì wọ́n. Marietta High School ní Georgia làwọn ọmọ Ojulari méjèèjì ti jáde. Azeez dúró sí University of Georgia. BJ àbúrò rẹ̀ kọjá sí yunifásítì LSU ní Louisiana. Nínú draft, ìyẹn ìgbà tí àwọn ikọ̀ NFL, líìgì àwọn agbábọ́ọ̀lù olówó, máa ń yan àwọn ọmọ yunifásítì, New York Giants mú ẹ̀gbọ́n ní ìpele kejì ọdún 2021, Arizona Cardinals mú àbúrò ní ìpele kejì ọdún 2023.

Ọgbọ́n àgbọ́njù kan tún wà: kí ẹ gba yàrá sí ìpínlẹ̀ kejì, kí ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ wá owó onílé. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń béèrè oṣù 12, ó kéré tán, wọ́n sì ń wo ibi tí òbí ti ń san owó orí àti irú físà tí ìdílé ní. Ọmọ tó bá ṣí kúrò ní high school kan sí òmíràn sì lè jókòó síta fún sáà kan. Ọ́fíìsì registrar ni kí ẹ bi. Kóòṣì ò lè dá yín lóhùn lórí èyí, agbábọ́ọ̀lù ló ń wá.

Ti ìwé, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ilé Yorùbá wo ni wọn kì í ti í pariwo ìwé? NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, ń béèrè kọ́ọ̀sì pàtàkì 16 ní sẹ́kọ́ńdìrì fún Division I, kí 10 ti parí kí ọdún ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀, kí GPA wọn (ìpíndọ́gba máàkì) má dín ní 2.3. Ọmọ tó bá ti Nàìjíríà wá láàárín sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ tètè lọ gba èsì rẹ̀ wá látilé.

Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà ló kù. Ní Oṣù Kẹfà 2025, adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn House, ẹjọ́ tí àwọn eléré ìdárayá yunifásítì pe NCAA. Ilé-ìwé tó bá wọ àdéhùn náà kò ní gbèdéke ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 85 mọ́, àmọ́ ikọ̀ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju èèyàn 105 lọ. Ọ̀pọ̀ ikọ̀ ló ju bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀, walk-on ló sì kún ibẹ̀. Kóòṣì sì tún lè lọ mú géńdé tó ti gbá bọ́ọ̀lù níbòmíì nínú transfer portal (àkọsílẹ̀ àwọn tó fẹ́ yí yunifásítì padà) dípò ọmọ ọdún 18. Nítorí náà, kí ẹ tó gbà láti san owó àlejò, ẹ bi kóòṣì bóyá ọmọ yín wà nínú 105 náà, kó sì kọ ọ́ sínú ímeèlì. Èyí tí mo bi rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn máa wò ó bó bá ṣe rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa fóònù, mo sì ní kí ìyàwó mi tún gbé fọ́ọ̀mù yunifásítì ilé jáde.