Bí ẹ ṣe lè lọ wo gòrílà nínú igbó Bwindi

Kò sí ọgbà ẹranko kankan láyé tí ẹ ti lè rí gòrílà orí òkè. Igbó wọn nìkan ni wọ́n ń gbé, lórí àwọn òkè Ùgáńdà, Rùwáńdà àti Kóńgò. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n gbẹ̀yìn, gbogbo wọn jẹ́ 1,063, èyí tó lé ní 400 nínú wọn sì wà ní Bwindi, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ùgáńdà. Gòrílà wà ní Nàìjíríà náà, lórí àwọn òkè Cross River, ṣùgbọ́n ìran mìíràn ni. Wọn kò tó 300, wọ́n sì máa ń sá lọ kí ènìyàn tó fojú kàn wọ́n.

Ìwé àṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Láti oṣù Keje ọdún 2024, dọ́là 800 ni àjèjì tó wá láti òde Áfíríkà ń san. Ẹni mẹ́jọ péré ló ń lọ bá agbo kan lóòjọ́, ìdí nìyẹn tí ìwé àṣẹ fi máa ń tètè tán ní oṣù Kẹfà sí Kẹjọ àti Kejìlá sí Kejì, nígbà tí òjò bá dín kù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 kò lè lọ. Ẹ wò ó dáadáa: ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ni igbó náà ní, Buhoma, Ruhija, Rushaga àti Nkuringo. Èyí tí wọ́n bá kọ sínú ìwé yín nìkan lẹ máa gbà wọlé. Ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ gùn, kọ́nà ló kún un. Ẹ má sanwó ilé ìtura ní Buhoma nígbà tó jẹ́ Rushaga lẹ máa ti gbéra.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kí ẹ sì mú káàdì rẹ̀ dání dé pápákọ̀ òfurufú Entebbe. Láti ibẹ̀, odindi ọjọ́ kan ni mọ́tò máa fi rìn.

Tó bá di ti aṣọ, ẹ gbàgbé oge. Èsìsì pọ̀ nínú igbó náà, ìjàlọ náà sì wà, nítorí náà ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ tó nípọn, aṣọ òjò, bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, omi àti oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ lè rìn fún wákàtí kan, ó sì lè di mẹ́fà, ibi tí agbo náà bá sùn mọ́jú ló máa sọ.

Ẹ háyà aláàárù, bí ara yín tilẹ̀ le. Ará abúlé tó yí igbó ká ni wọ́n. Wọ́n á gbé ẹrù yín, wọ́n á sì fà yín lọ́wọ́ níbi tí ilẹ̀ bá ti ń yọ̀. Ẹni tí gòrílà ààyè ń bọ́ ilé rẹ̀ kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ tàkúté síbẹ̀. Mi ò rí owó mìíràn nínú ìrìn àjò yìí tó wúlò tó èyí.

Bí ọ̀fìnkìn tàbí ikọ́ bá ń ṣe yín láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ sọ fún amọ̀nà, kí ẹ sì dúró sílé. Mo mọ̀ pé ó dùn ènìyàn lẹ́yìn tó ti sanwó ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ara gòrílà sún mọ́ tiwa débi pé ọ̀fìnkìn tí a máa fi omi gbígbóná wò lè pa ọmọ rẹ̀. Torí náà ni wọ́n ṣe ń lo ìbòmú, tí wọ́n sì ń jìnnà sí wọn ní mítà mẹ́wàá.

Tí ẹ bá ti débẹ̀, wákàtí kan péré lẹ ní. Ẹ pa iná kámẹ́rà. Ẹ má jẹun, ẹ má nàka sí wọn, ohùn wẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi sọ̀rọ̀. Bí akọ ńlá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti funfun bá pariwo sí yín, ẹ má sáré: ẹ lóṣòó, kí ẹ sì wo ilẹ̀. Kí ẹ ya fọ́tò díẹ̀, kí ẹ wá gbé fóònù sápò, torí ìyá tó ń yọ nǹkan lára ọmọ rẹ̀ kò ní dúró dè yín.

Tí ẹ bá jáde, ẹ fọ ẹrẹ̀ bàtà yín kí ẹ tó wọ igbó mìíràn.