Píà tí kò gbó ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: bí mo ṣe ń ṣe ohun mímu píà oníkòkó nílé

Owó ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ìyá mi ń ṣọ́ ṣúgà ara wọn, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n jìnnà sí ohun mímu dídùn inú ìgò àti ti inú agolo. Nígbà tí ẹnìkan wá sọ fún wọn pé ohun mímu tí wọ́n fi píà àti kòkó ṣe, èyí tí àwọn ilé ìtajà ń pè ní smoothie, dára fún ẹni tó wà ní ipò wọn, wọ́n ní kí n máa rà á wá. Mo ra á. Iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lórí ike kékeré kan, tí ọmọdé lè mu tán lórí ìdúró, ì bá ra àgbọn tí ó tó gbogbo ilé wa, yóò sì tún ṣẹ́ kù. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló wá dùn mí ju owó náà lọ. Ṣúgà ló kọ́kọ́ ta sí mi lẹ́nu kí n tó mọ̀ pé kòkó wà níbẹ̀, nígbà tí mo sì yí ike náà padà láti ka ohun tí wọ́n fi ṣe é, ṣúgà ni wọ́n kọ tẹ̀ lé omi. Bí wọ́n ṣe máa ń to orúkọ èròjà sára ike ni pé èyí tó pọ̀ jù ni yóò ṣíwájú, èyí tó kéré jù ni yóò kẹ́yìn. Píà wà nísàlẹ̀.

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu má tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa, àti pé bí a bá lè mú un wá sílẹ̀ sí abẹ́ ìdá 5, àǹfààní rẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Fún àgbàlagbà, ìdá 5 yìí kò ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ, ìyẹn bíi ṣíbí tíì 6 láti àárọ̀ dalẹ́. Orúkọ píà ni wọ́n fi ń ta omi ṣúgà fún àwọn tó ń wá ìlera, wọ́n sì ń gba owó ńlá lé e. Inú mi ò tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí títí di òní.

Kò sí ìdí tí ẹni tó ń gbé Àgbádárìgì fi gbọ́dọ̀ máa ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àgbọn pọ̀ ní etí òkun wa, a sì ń rà á ní ọjà Àgbálátà nígbà tí omi rẹ̀ ṣì ń mì nínú rẹ̀. Kòkó ń bọ̀ láti Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Èkìtì. Inú oko kòkó yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ píà ti ń wá, nítorí àwọn àgbẹ̀ máa ń fi igi píà sílẹ̀ láàrin oko kí ó lè ṣíji bo kòkó, kí wọ́n sì tún rí èso tà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, dàbínù àti ọsàn wẹ́wẹ́ kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni, àfi ìgbà tí mo dé ìdí píà.

Lọ́wọ́ màmá kan tó ń ta èso lẹ́bàá títì ni mo ti ra àwọn àkọ́kọ́. Wọ́n tóbi, awọ wọn ń dán, wọ́n sì le gan-an. Mo bi màmá náà pé, “Màámi, ṣé píà yìí gbó báyìí?” Wọ́n ní, “Ó gbó dáadáa, ọmọ mi. Gbé e síbi tó móoru, bó bá fi máa di ọ̀tunla, ṣíbí ni wàá fi bù ú.” Ọ̀tunla dé, píà kò rọ̀. Mo tún fi sílẹ̀. Lẹ́yìn bíi ọ̀sẹ̀ kan, awọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí hunjọ, ìdí rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ kò sì rọ̀ síbẹ̀. Nígbà tí mo là á, ẹran inú rẹ̀ ń fà mọ́ ọ̀bẹ, ó sì korò díẹ̀. Mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú gbogbo èròjà yòókù nítorí pé owó ni mo fi rà á. Ohun tó jáde kò ki, ó ní kókó wẹ́wẹ́ nínú, kò sì pẹ́ tí omi fi ya sọ́tọ̀ nísàlẹ̀ ife. Kòkó tó wọ́n gógó, wàrà àgbọn tí mo fi ọwọ́ ara mi fún, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ. Nígbà tí mo padà lọ bá màmá náà, wọ́n ní èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú píà.

Èmi kọ́. Píà yàtọ̀ sí máńgòrò ní ti pé kì í rọ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì so mọ́ igi. Bó ti wù kí ó gbó tó lórí igi, líle ni yóò le, ẹ̀yìn tí wọ́n bá ká a ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Nítorí náà, èyí tó gbó le, èyí tí kò gbó náà le, ẹni tó sì fẹ́ rẹ́ni jẹ lè kó àwọn méjèèjì sínú apẹ̀rẹ̀ kan náà. Àwọ̀ kò sì lè ran ẹni tó ń rà á lọ́wọ́, torí pé ọ̀pọ̀ nínú píà aláwọ̀ dídán tí à ń rí lọ́jà wa, àwọ̀ ewé náà ni wọn yóò wà títí wọn yóò fi rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò, nígbà tí píà kò tíì pọ̀ lọ́jà tí owó rẹ̀ sì lé, àwọn oníṣòwò máa ń sáré ká a kí ẹlòmíràn tó gbé tirẹ̀ dé. Mo mọ̀ pé èso tó bá ti rọ̀ kò lè gba ojú ọ̀nà Mile 2 dé ọ̀dọ̀ wa kí ó má fọ́, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà pé píà le. Pé kò gbó ni ẹjọ́ mi. Bí píà bá ṣe ń gbó lórí igi ni ọ̀rá ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀, ọ̀rá yìí gan-an ló sì ń mú ohun mímu náà ki, tó ń jẹ́ kó yọ̀ lọ́nà ọ̀fun láìsí ṣúgà àti mílíìkì púpọ̀. Èyí tí wọ́n bá ká ṣáájú àkókò, kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ìtọ́jú dá ọ̀rá tí kò sí nínú rẹ̀ padà síbẹ̀.

Ìgbà tí mo ń ráhùn kiri ni ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi kábáàdì, ìyẹn kẹ́míkà tí àwọn kan fi ń mú èso pọ́n kíákíá, sí i. Mo kọ̀ jálẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ síbí kí ẹlòmíràn náà lè kọ̀. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé kí a má fi kábáàdì mú èso pọ́n, nítorí pé àwọn èròjà olóró bíi arsenic àti phosphorus lè wà nínú rẹ̀. Ṣé torí ìlera ìyá mi ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀, kí n wá fi májèlé sí ohun tí wọn yóò mu?

Obìnrin Ògù kan tó ń ta èso nítòsí àwọn alágbọn ló là mí lójú. Mo sọ ohun tójú mi rí fún wọn, wọn ò jiyàn, wọ́n kàn mú píà kan nínú igbá wọn, wọ́n là á sí méjì níwájú mi, wọ́n sì fi èékánná họ awọ tó bo kóró rẹ̀. Awọ náà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó fẹ́lẹ́, ó gbẹ, ó sì ń ṣí kúrò fúnra rẹ̀. Wọ́n ní bí píà kò bá tíì gbó, awọ kóró yẹn yóò ṣì funfun, yóò nípọn, yóò sì lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ẹran èso. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé mi ò ní ra píà púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá lè la ẹyọ kan fún mi wò. Mo máa ń san owó èyí tí wọ́n bá là. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀, mo ń bá tèmi lọ ni.

Mímú kí ó rọ̀ kò wá le mọ́ lẹ́yìn èyí. Mo máa ń kó píà tó gbó sínú àpò bébà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó ti pọ́n, màá sì ká ẹnu àpò náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní ethylene, píà náà ń tú u jáde, afẹ́fẹ́ yìí ló sì ń yára mú èso rọ̀. Àwọn àgbà tó ń ri píà mọ́ inú ìrẹsì tàbí gàrí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, nítorí pé afẹ́fẹ́ náà kì í ráyè sá lọ. Mi ò ní gbé píà líle sínú fìríìjì láé, torí òtútù ń dá rírọ̀ rẹ̀ dúró, ó sì lè ba inú rẹ̀ jẹ́. Ìgbà tó bá ti rọ̀ tán ni fìríìjì wúlò, yóò sì dá a dúró fún bíi ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Láti mọ̀ pé ó ti rọ̀, mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ dì í mú jẹ́jẹ́, mi ò kì í fi ìka tẹ̀ ẹ́, torí ojú ibi tí ìka bá tẹ̀ ló máa ń dúdú nínú.

Kòkó ni nǹkan kejì tí mo fẹ́ kí ènìyàn ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń dì sínú láílọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ, tí àwọn ọmọ ń pò mu láàárọ̀, ṣúgà àti mílíìkì ni wọ́n pò mọ́ kòkó nínú rẹ̀. Kòkó lílọ̀ tí wọn ò fi nǹkankan sí ni mò ń wí, ó korò, ó sì wọ́n. Ní ọdún 2024, nígbà tí ìkórè kò dára ní Ghana àti Côte d'Ivoire, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan lé kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, àwa tí à ń ra ìwọ̀nba díẹ̀ sì mọ̀ ọ́n lára. Nítorí bẹ́ẹ̀ mi ò gbà kí ṣíbí kan rẹ̀ ṣòfò. Bí a bá da kòkó gbígbẹ sórí ohun tútù, ńṣe ni yóò dì ní kókó-kókó, torí pé ọ̀rá inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi tètè wọ̀ ọ́. Omi gbígbóná díẹ̀ ni mo fi ń pò ó nínú ife kékeré títí yóò fi jọ̀lọ̀, kí n tó dà á sínú bùlẹ́ńdà.

Ohun tí mò ń lò fún ife méjì kò pọ̀: ìlàjì píà ńlá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kékeré 1 tí kò pọ́n jù, kòkó ṣíbí ìjẹun 2, dàbínù 2 tí mo ti yọ kóró rẹ̀ tí mo sì ti rẹ sínú omi gbígbóná, wàrà àgbọn ìlàjì ife, omi tútù ife 1, iyọ̀ ṣínńṣín àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀. Mi ò ní ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fún wàrà àgbọn fún ará Àgbádárìgì. Mo kàn fẹ́ sọ pé kí wọ́n fi omi là á, torí ọ̀rá inú àgbọn kò rí bíi ti píà. Ọ̀rá píà, irú èyí tó wà nínú òróró olífì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tó dára fún ọkàn, ṣùgbọ́n ọ̀rá àgbọn jẹ́ irú èyí tó máa ń dì, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ dín in kù. Iyọ̀ yẹn kì í ṣe àṣìkọ. Ó ń pa ìkorò kòkó, ó sì ń jẹ́ kí ìwọ̀nba adùn dàbínù tó ni lẹ́nu. Omi ọsàn kì í jẹ́ kí píà tètè dúdú.

Nígbà tí mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú píà tó gbó, tó sì rọ̀, mo rí ohun tí mo ti ń wá. Ó ki débi pé ó rọra ń ṣàn láti ẹnu bùlẹ́ńdà, kò sí kókó kankan nínú rẹ̀, òórùn kòkó sì gba ilé ìdáná. Ìyá mi mu díẹ̀, wọ́n gbé ife náà sọ́wọ́ kejì, wọ́n sì bi mí pé mílíìkì wo ni mo fi sí i. Mo ní, “Kò sí mílíìkì níbẹ̀, Màámi. Píà ni.” Wọn ò gbà mí gbọ́ títí mo fi fi èèpo rẹ̀ hàn wọ́n. Mo yangàn gan-an lọ́jọ́ náà, mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀, torí kò sí ṣúgà kankan tí mo fi kún un, owó tí mo ná sórí ife méjì náà kò sì tó ti ike kan ṣoṣo tí wọ́n tà fún mi.

Èyí kò ní kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà máa mu ún bí omi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti dàbínù ní ṣúgà tiwọn nínú, píà sì ń fúnni lágbára púpọ̀: gíráàmù 100 rẹ̀ ní nǹkan bíi kálórì 160, bó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn oúnjẹ inú rẹ̀ (fiber), tó tó bíi gíráàmù 7, kì í jẹ́ kí ebi tètè pani. Nọ́ọ̀sì ló sọ iye tí ìyá mi lè mu, ife kékeré kan ni, dípò oúnjẹ ọ̀sán díẹ̀ ni wọ́n sì ń mu ún, kì í ṣe lórí oúnjẹ.

Bí àsìkò píà bá ti dé góńgó tí owó rẹ̀ já wálẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ènìyàn ra púpọ̀. Mo máa ń gún ẹran rẹ̀ pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́, màá pín in sínú láílọ́ọ̀nù kéékèèké ní ìwọ̀n ife méjì méjì, màá tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, màá sì kó o sínú fíríísà ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ẹja dídì, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ. Láílọ́ọ̀nù méjì ni mo máa ń fi dì í nítorí òórùn ẹja.